Iye owó ẹ̀rọ amúlétutù kò parí sára páálí

Sí Olóòtú,

Ẹ kú iṣẹ́ ìròyìn, ẹ sì kú akitiyan bí ẹ ti ń la àwa òǹkàwé yín lọ́yẹ̀. Mo kọ lẹ́tà yìí nípa owó tí ènìyàn fi ń ra ẹ̀rọ amúlétutù sílé àti owó tí ó fi ń so ó, nítorí ó hàn sí mi pé iye tí wọ́n ń kọ sára páálí, tí wọ́n sì ń polówó fún aráyé, kọ́ ni iye tí olùrà ń san níkẹyìn. Ohun tí mo ń béèrè kò le: kí ẹni tí ń ta ẹ̀rọ náà kọ gbogbo iye rẹ̀ sílẹ̀, bẹ̀rẹ̀ láti orí ẹ̀rọ fúnra rẹ̀ dé orí páìpù, wáyà, iṣẹ́ ọwọ́ àti iná tí yóò máa jẹ, kí olùrà tó tọwọ́ bọ àpò.

Mo mọ̀ pé àwọn kan yóò sọ pé ẹni tí ó lè ra ẹ̀rọ amúlétutù kì í ṣe tálákà, kí ó san ohunkóhun tí wọ́n bá ní kí ó san. Èmi kò gbà bẹ́ẹ̀. Ooru líle máa ń ṣe àgbàlagbà, ọmọ ọwọ́, aláboyún àti àwọn tí ọkàn tàbí kíndìnrín wọn kò le dáadáa ní jàǹbá, ọ̀pọ̀ ilé ni ó sì jẹ́ pé owó tí wọ́n ń fi pamọ́ díẹ̀díẹ̀ ni wọ́n fi ń ra ẹ̀rọ yìí nítorí irú ẹni bẹ́ẹ̀. Ìgbà tí ooru bá mú jù náà ni ọjà rẹ̀ ń yá jù, tí ara ń ni gbogbo ènìyàn, tí olùrà kò sì ráyè bi ọlọ́jà ní ìbéèrè kankan. Àwọn àgbà bọ̀, wọ́n ní bí a bá ń sunkún, à á máa ríran. Ẹni tí ooru ń pa náà yẹ kí ó mọ ohun tí ó ń sanwó fún.

Títóbi ẹ̀rọ ni ó yẹ kí a kọ́kọ́ yanjú, nítorí òun ni gbogbo owó yòókù so mọ́. Iye ooru tí ẹ̀rọ lè kó jáde nínú yàrá láàárín wákàtí kan ni a fi ń wọn agbára rẹ̀, BTU sì ni wọ́n ń pe òṣùwọ̀n náà. Ẹ̀rọ tí àwọn ọlọ́jà ń pè ní HP 1 sábà máa ń wà ní nǹkan bíi BTU 9,000, HP 1.5 ní nǹkan bíi 12,000, HP 2 ní nǹkan bíi 18,000, ṣùgbọ́n èyí máa ń yàtọ̀ láti ọ̀dọ̀ ilé-iṣẹ́ kan sí èkejì, nítorí náà iye BTU tí ó wà lára ẹ̀rọ gan-an ni kí olùrà gbójú lé. Kì í sì í ṣe fífẹ̀ yàrá nìkan ni a fi ń ṣe ìṣirò yìí. Bí oòrùn ìrọ̀lẹ́ bá ń gba ojú fèrèsé wọlé, bí kò bá sí àjà lábẹ́ òrùlé, bí ènìyàn mẹ́rin bá ń sùn nínú yàrá dípò ẹyọ kan, bí fíríìjì tàbí kọ̀ǹpútà bá ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀, iye ooru tí ẹ̀rọ ní láti kó jáde ti yàtọ̀ nìyẹn.

Ọlọ́jà tí kò béèrè ọ̀kan ṣoṣo nínú ìwọ̀nyí, tí ó kàn ní kí a gbé èyí tí ó tóbi kí ọkàn wa lè balẹ̀, kò ràn wá lọ́wọ́. Ẹ̀rọ tí ó kéré jù yóò máa ṣiṣẹ́ láìsinmi, kò sì ní mú yàrá tutù tó. Èyí tí ó tóbi jù, pàápàá irú èyí tí kì í ṣe inverter (irú tí ń dẹ eré fúnra rẹ̀ nígbà tí yàrá bá ti tutù), yóò mú yàrá tutù kíákíá, yóò kú, yóò tún tan, kò sì ní ṣiṣẹ́ pẹ́ tó láti fa ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ jáde, ni yàrá yóò bá tutù tí ara yóò sì máa lẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀rinrin yìí kì í ṣe àfikún lásán, nítorí nígbà tí Willis Carrier ya àwòrán ẹ̀rọ rẹ̀ àkọ́kọ́ ní ọdún 1902 fún ilé-iṣẹ́ ìtẹ̀wé kan ní Brooklyn ní Amẹ́ríkà, kì í ṣe kí ara lè tu àwọn òṣìṣẹ́ ni ó mú un ṣe é. Ọ̀rinrin inú afẹ́fẹ́ ni ó ń mú kí bébà fẹ̀ kí ó sì tún sún kì, tí àwọn àwọ̀ tí wọ́n ń tẹ̀ sórí rẹ̀ kò fi ń bára mu. Ẹni tí ó san owó gọbọi lórí ẹ̀rọ tí ó tóbi ju yàrá rẹ̀ lọ ti sanwó kún owó kí ìdajì iṣẹ́ náà lè di àìṣe.

Ibi tí owó ti ń bọ́ lọ́wọ́ olùrà jù láìrò tẹ́lẹ̀ ni ìsopọ̀. Ẹ̀rọ alápá méjì, tí apá kan wà nínú ilé tí èkejì wà níta, kò tíì di odindi ẹ̀rọ nígbà tí ó jáde nínú páálí. Oníṣẹ́ tí ó so ó pọ̀ ni ó ń parí ṣíṣe rẹ̀. Páìpù bàbà méjì gbọ́dọ̀ ti inú lọ sí ìta, kí a sì fi fóòmù wé ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn. Páìpù tí ó bá ẹ̀rọ wá sábà máa ń kúrú, àwọn ẹ̀rọ mìíràn kò sì bá páìpù wá rárá, nítorí náà bí apá ìta bá jìnnà, olùrà ni yóò san owó mítà tí ó kù. Bí páìpù bá sì gùn kọjá ohun tí ìwé ẹ̀rọ náà sọ, wọ́n ní láti fi gáàsì kún un, kí wọ́n sì wọ̀n ọ́n lórí òṣùwọ̀n ní gíráàmù, kì í ṣe ní àfojúbù. Férémù irin wà tí apá ìta yóò jókòó lé. Páìpù wà tí omi yóò gbà jáde, tí ó gbọ́dọ̀ dagẹ̀rẹ̀ sísàlẹ̀ kí omi má baà padà sínú yàrá. Wáyà wà tí a gbọ́dọ̀ fà láti ojú bọ́ọ̀dù iná fún ẹ̀rọ yìí nìkan, pẹ̀lú búrékà tirẹ̀ àti wáyà tí ó wọ ilẹ̀. Lílu ògiri wà, àtẹ̀gùn gíga sì wà bí ilé bá ga. Ọ̀kọ̀ọ̀kan wọn ni ó ní owó tirẹ̀, kò sì sí èyí tí ó ń hàn nínú ìpolówó. Wáyà tí kò nípọn tó ni mo bẹ̀rù jù nínú gbogbo rẹ̀, nítorí inú ògiri tí ojú kò tó ni yóò ti máa gbóná, ó sì lè jó ilé.

Iṣẹ́ kan tún wà tí olùrà kì í mọ̀ pé ó yẹ kí òun béèrè, òun sì ni oníṣẹ́ tí wọ́n fún ní owó táṣẹ́rẹ́ kọ́kọ́ máa ń fò. Nígbà tí wọ́n bá so páìpù tán, ó yẹ kí wọ́n fi náítírójìn dán an wò bóyá ibì kan ń jò, kí wọ́n sì fi páńpù fa gbogbo afẹ́fẹ́ àti ọ̀rinrin inú rẹ̀ jáde kí wọ́n tó ṣí gáàsì sí i. Ọ̀pọ̀ oníṣẹ́ kì í gbé páńpù yìí wá. Wọn a ṣí gáàsì díẹ̀ kí ó ti afẹ́fẹ́ jáde, wọn a dí i pa, ẹ̀rọ a tutù lójú ẹsẹ̀, inú olùrà a sì dùn, a san owó. Ọ̀rinrin tí ó ṣẹ́kù sínú páìpù ni yóò wá darapọ̀ mọ́ òróró inú kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ (ẹ̀yà tí ń ti gáàsì káàkiri inú páìpù), tí yóò di ásíìdì, tí yóò sì máa jẹ ẹ́ díẹ̀díẹ̀. Ẹ̀rọ tí a so dáadáa, tí a sì ń tọ́jú, lè lo ọdún 10 sí 15. Èyí tí a so báyìí lè má lò tó ìdajì rẹ̀, kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ sì ni ó wọ́n jù nínú gbogbo ẹ̀yà ara ẹ̀rọ náà. Ọ̀pọ̀ ilé-iṣẹ́ ni kò sì ní gba ẹ̀dùn olùrà lábẹ́ gáránǹtì bí kò bá sí ìwé tí ó fi hàn pé ẹni tí ó mọṣẹ́ ni ó so ó. Èmi kò di gbogbo ẹ̀bi ru oníṣẹ́ o. Nígbà tí ọlọ́jà bá polówó pé ọ̀fẹ́ ni ìsopọ̀, tí ó wá fún oníṣẹ́ ní owó tí kò tó ra àwọn irinṣẹ́ rẹ̀, kí ni a rò pé oníṣẹ́ yóò fi fa afẹ́fẹ́ jáde?

Owó iná ni ọ̀rọ̀ tí ó tún kàn, ó sì lè ju owó ẹ̀rọ lọ bí ọdún bá ti ń gorí ọdún. Ẹ̀rọ BTU 12,000 ń kó ooru tí ó tó kílówáàtì 3.5 jáde, iná tí ó sì ń jẹ nígbà tí ó bá ń ṣiṣẹ́ tagbáratagbára sábà máa ń wà ní àyíká kílówáàtì 1. Ká ní ẹ̀rọ kan ń jẹ kílówáàtì 1 fún wákàtí 8 lálaalẹ́, yúnìtì 8 nìyẹn lálẹ́ kan (kílówáàtì 1 fún wákàtí kan ni yúnìtì kan), yúnìtì 240 ní ọgbọ̀n ọjọ́. Ká ní inverter ni èkejì, tí kọ̀m̀pírẹ́sọ̀ rẹ̀ ń dẹ eré nígbà tí yàrá bá ti tutù dípò kí ó máa kú kí ó máa tan, tí ó sì ń jẹ kílówáàtì 0.7 ní ìpíndọ́gba, yúnìtì 168 ni tirẹ̀. Ìyàtọ̀ wọn jẹ́ yúnìtì 72 lóṣù, yúnìtì 864 lọ́dún. Kí olùrà fi iye tí òun ń san lórí yúnìtì kan sọ 864 di púpọ̀, yóò sì mọ bí yóò ti pẹ́ tó kí owó tí inverter fi wọ́n ju èkejì lọ tó padà sápò òun. Ẹni tí kì í lo ẹ̀rọ ju wákàtí kan lọ lóòjọ́ lè rí i pé owó náà kò ní padà wọlé kí ẹ̀rọ tó gbó, kò sì yẹ kí ọlọ́jà fi èyí pamọ́ fún un. Bákan náà, níbi tí iná mànàmáná kò bá dúró sójú kan, bọ́ọ̀dù inú inverter nílò ohun tí yóò dáàbò bò ó, owó mìíràn sì nìyẹn.

Nípa ìtọ́jú, n kò ní ọ̀rọ̀ púpọ̀ láti sọ ju pé kí a máa fọ asẹ́ afẹ́fẹ́ rẹ̀ ní bí oṣù kan sí ara wọn, èyí tí onílé lè fúnra rẹ̀ ṣe láìná kọ́bọ̀. Ọ̀rọ̀ gáàsì ni ó ń dùn mí. Gáàsì kì í tán nínú ẹ̀rọ amúlétutù bí epo ti ń tán nínú ọkọ̀. Yíyí ni ó ń yí po nínú páìpù, bí ó bá sì dín, ibì kan ni ó ti ń jò. Oníṣẹ́ tí ó ń wá fi gáàsì kún un lọ́dọọdún, tí kò wá ibi tí ó ti ń jò, ń gba owó lórí àìsàn tí kò wò. Àwọn gáàsì yìí náà sì ń ṣe ayé ní ibi. R-22, gáàsì tí àwọn ẹ̀rọ àtijọ́ ń lò, ń ba ìpele ozone tí ń dáàbò bo ayé lọ́wọ́ ìtànṣán oòrùn jẹ́, òun wà lára àwọn tí àdéhùn àgbáyé Montreal ti ọdún 1987 ń mú kúrò nílẹ̀. R-410A tí ó rọ́pò rẹ̀ kò ba ozone jẹ́, ṣùgbọ́n bí ó bá tú sáfẹ́fẹ́, agbára rẹ̀ láti mú ayé gbóná jẹ́ ìlọ́po 2,088 ti carbon dioxide. Ti R-32, gáàsì mìíràn tí àwọn ẹ̀rọ tuntun ń lò, jẹ́ ìlọ́po 675, bẹ́ẹ̀ ni R-32 lè gbaná bí ẹni tí kò mọ̀ ọ́n bá ń fọwọ́ kàn án. Nítorí náà, nígbà tí wọ́n bá fi ẹ̀rọ àtijọ́ tí ó ń lo R-22 lọ olùrà ní owó pọ́ọ́kú, ó yẹ kí wọ́n sọ fún un pé gáàsì rẹ̀ ń wọ́n sí i, ó sì ń ṣọ̀wọ́n sí i.

Ohun kan ṣì wà tí ọlọ́jà kò ní sọ fún wa, nítorí kò sí èrè nínú rẹ̀ fún un. Bí a bá kọ́kọ́ fi àjà sábẹ́ òrùlé, tí a dí àwọn ihò ẹ̀gbẹ́ ilẹ̀kùn àti fèrèsé, tí a sì ta aṣọ tí ó nípọn sójú fèrèsé tí oòrùn ń gbà wọlé, ẹ̀rọ tí ó kéré sí èyí tí à bá rà lè tó wa. Fáànù àjà kan ń jẹ nǹkan bíi wáàtì 75 péré. Bí ó bá ń fẹ́ nígbà tí ẹ̀rọ amúlétutù ń ṣiṣẹ́, a lè fi ẹ̀rọ sí ìwọ̀n 26°C dípò 22°C, kí ara sì tù wá bákan náà. Owó tí a ná sórí òrùlé kò tún béèrè owó iná lọ́wọ́ wa.

Fún ìdí èyí, mo rọ ìwé ìròyìn yín pé kí ẹ béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni tí ó bá fẹ́ polówó ẹ̀rọ amúlétutù lójú ewé yín pé kí ó kọ iye BTU rẹ̀, irú gáàsì rẹ̀ àti iye iná tí ó ń jẹ sẹ́gbẹ̀ẹ́ owó rẹ̀. Bí ó bá sì pe ìsopọ̀ ní ọ̀fẹ́, kí ó kọ mítà páìpù mélòó ni ọ̀fẹ́ náà dé, àti bóyá wáyà, búrékà, férémù àti fífa afẹ́fẹ́ jáde wà nínú rẹ̀. Àwọn ọlọ́jà yóò ní àwọn kò lè mọ iye ìsopọ̀ láìrí ilé, òótọ́ sì ni. Ṣùgbọ́n wọ́n lè kọ iye tí mítà páìpù kan àti mítà wáyà kan jẹ́, wọ́n sì lè rán oníṣẹ́ wá wo ògiri àti bọ́ọ̀dù iná kí olùrà tó san owó ẹ̀rọ, dípò kí wọ́n dúró di ìgbà tí páálí bá ti wọlé tí kò sì sí ibi tí olùrà lè yà sí mọ́.

Èmi ni tiyín,
Òǹkàwé ìwé ìròyìn yín