Ẹ̀sùn lórí ìrìn-àjò "ojú irin àtijọ́" tí ẹ tà fún wa

Ìtòkú,
Abẹ́òkúta,
Ìpínlẹ̀ Ògùn.

Sí Ọ̀gá Àgbà,
Ilé-iṣẹ́ Ìrìn-àjò Ìgbafẹ́.

Ọ̀gá wa, ẹ kú iṣẹ́ o.

Ẹjọ́ ilé-iṣẹ́ yín ni mo fẹ́ rò fún yín. Ní oṣù tó kọjá, mo san ₦36,000 fún èmi àti màmá mi, nítorí ohun tí ẹ kọ sínú ìpolówó yín ni pé ẹ ó gbé wa gba ojú irin tí àwọn Gẹ̀ẹ́sì ṣe, èyí tí iṣẹ́ rẹ̀ bẹ̀rẹ̀ láti Èkó ní 1896, tó sì gba Abẹ́òkúta kọjá kí wọ́n tó ṣí i dé Ìbàdàn ní 1901. Nígbà tí màmá mi wà lọ́mọge, ẹ̀kọ àti àkàrà ni wọ́n ń kiri ní ibùdókọ̀ Lafẹ́nwá. Ojú fèrèsé rélùwéè ni wọ́n ti ń tajà fún èrò. Wọn kò wọ inú rẹ̀ rí. Ìdí nìyẹn tí mo fi sanwó.

Nígbà tí a dé Lafẹ́nwá, ẹni tí ẹ ní kó máa ṣàlàyé fún wa kò yé sọ̀rọ̀ lórí fóònù, ẹ kò sì pèsè àga kan fún àwọn àgbà. Télọ̀ ni mí, téèpù kì í kúrò lọ́rùn mi. Mo bẹ̀rẹ̀, mo fi wọn àlàfo àárín irin méjèèjì: íńṣì 42 géérégé, ìyẹn ẹsẹ̀ bàtà mẹ́ta àti íńṣì mẹ́fà. Koríko ti hù sáàárín rẹ̀, irin sì ti dípẹtà lápá kan. Ogún ìṣẹ́jú péré, ẹ ní ká máa bọ̀.

Laderin ni ẹ wá gbé wa lọ, sí ibùdókọ̀ tuntun tí wọ́n fi orúkọ Ọ̀jọ̀gbọ́n Wọlé Ṣóyínká pè, láti wọ ọkọ̀ tó bẹ̀rẹ̀ sí í kó èrò ní 2021. Íńṣì 56 àti ààbọ̀ ni ìbú ojú irin ti ibẹ̀; ọkọ̀ tí wọ́n ṣe fún íńṣì 42 kò lè rìn lórí rẹ̀ láéláé. N kò bá ọkọ̀ náà jà o. Ó mọ́, ó tutù, ìjókòó rẹ̀ sì dẹ̀ mí lára. Ṣùgbọ́n màmá mi fọwọ́ pa gíláàsì fèrèsé tí kò ṣeé ṣí, wọ́n ní, "Ibo ni èrò yóò wá ti na owó ẹ̀kọ síta?"

Bí oníbàárà bá gbé àdìrẹ fún mi pé kí n fi rán bùbá, tí mo wá fi àǹkárá rán an, bó ti wù kí àǹkárá ọ̀hún dára tó, owó rẹ̀ ni yóò gbà lọ́wọ́ mi.

Mo fẹ́ kí ẹ dá ₦18,000, ìdajì owó wa, padà sínú àpò báǹkì tí mo fi sanwó, láàárín ọ̀sẹ̀ méjì. Kí ẹ sì yọ "ojú irin àtijọ́" kúrò nínú ìpolówó yín, títí ẹ ó fi rí ọkọ̀ èrò tó ń gba orí rẹ̀ kọjá. Ọjọ́ tí ẹ bá rí i, ẹ jọ̀wọ́, ẹ tètè pè mí, màmá mi ṣì fẹ́ wọ̀ ọ́.

Èmi ni tiyín,
Oníbàárà yín, télọ̀ ní Ìtòkú.