Ta ló ní ọ̀rọ̀ ìdí ààrò kò tó ìwé kọ?

Olóòtú mi ọ̀wọ́n,

Ẹ kú iṣẹ́ o. Mo ka lẹ́tà ọ̀gbẹ́ni kan tí ẹ tẹ̀ jáde láìpẹ́ yìí, tó ní ìwé ìtàn tí àwọn obìnrin ń kọ kò ju ọ̀rọ̀ ìdí ààrò lọ: ọkọ lù mí, ọmọ ń sunkún, owó oúnjẹ ò tó. Ó ní ìwé gidi ni èyí tó bá sọ̀rọ̀ ogun àti ìjọba. Ọ̀rọ̀ náà dùn mí débi pé oorun ò kùn mí lóru ọjọ́ yẹn. Aránṣọ ni mí, n kì í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n. Ṣùgbọ́n ó ti lé lọ́dún mẹ́wàá tí mo ti ń ka ìwé Buchi Emecheta, obìnrin ọmọ Nàìjíríà tó ń fi èdè Gẹ̀ẹ́sì kọ ìtàn àròsọ, fún àwọn ọmọ iṣẹ́ mi ní ṣọ́ọ̀bù, pàápàá lọ́jọ́ tí kò bá sí iná. Mo ń kà á, mo ń yí i sí Yorùbá bí mo ṣe ń lọ. Obìnrin yẹn ni mo fẹ́ fi dá ọ̀gbẹ́ni náà lóhùn.

Ní Èkó níbí ni wọ́n bí i lọ́dún 1944. Ọmọ Ìgbò láti Ibusa ni àwọn òbí rẹ̀, iṣẹ́ rélùwéè ni bàbá rẹ̀ ń ṣe. Àbúrò rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n kọ́kọ́ fẹ́ fi síléèwé; òun náà kò dákẹ́ títí wọ́n fi gbà kó lọ. Bàbá kú nígbà tí Buchi kò tíì tójú bọ́, síbẹ̀ ó gba ẹ̀kọ́ ọ̀fẹ́ wọ Methodist Girls' High School ní Yaba. Nínú ìwé rẹ̀ Second-Class Citizen, tó jáde ní 1974, tó sì jẹ́ pé ìgbésí ayé òun fúnra rẹ̀ ló pọ̀ jù nínú rẹ̀, ọmọbìnrin tó ń jẹ́ Adah gba ṣílè méjì lọ́wọ́ àwọn tó ń gbé lọ́dọ̀ wọn pé kó lọ ra ẹran. Adah kò ra ẹran. Ó fi owó náà san owó ìdánwò. Ẹgba tó jẹ nítorí ẹ̀ lé ní ọgọ́rùn-ún.

Tí mo bá ka ibẹ̀, gbogbo ṣọ́ọ̀bù á dákẹ́. Kò sí ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà tí kò mọ ohun tí owó ìdánwò ń ṣe fún èèyàn. Ọ̀kan nínú wọn kò jókòó ṣe WAEC lọ́dún tó yẹ kó ṣe é, nítorí owó ẹnì kan ṣoṣo ló wà nílé, ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ọkùnrin ni wọ́n sì san án fún. Ṣé ọ̀rọ̀ ìjọba kọ́ nìyẹn?

Ọmọ ọdún 16 ni Buchi nígbà tó wọlé ọkọ. Ní 1962 ó kó ọmọ méjì lọ bá ọkọ rẹ̀ ní London, níbi tí ọkọ ti ń kẹ́kọ̀ọ́. Láàárín ọdún mẹ́fà, gbogbo ọmọ rẹ̀ di márùn-ún. Òun ló ń ṣiṣẹ́ tí owó fi ń wọlé, òun náà ló ń fọ nápkìn, nígbà tí ilé bá sì dákẹ́ ló ń kọ ìtàn sínú ìwé ìkọ̀wé tí ọmọ iléèwé ń lò. Nígbà tó parí ìtàn náà, ọkọ rẹ̀ kó o, ó dáná sun ún. Kò sí àdàkọ rẹ̀ níbikíbi.

Ọjọ́ tí mo kọ́kọ́ ka ibẹ̀ fún wọn, ọmọ iṣẹ́ mi kan fi aṣọ tó ń rán sílẹ̀ lẹ́nu máṣìn, ó dìde dúró. Ó ní, "Mọ̀mí, ṣé ó tún un kọ?" Mo ní ó tún un kọ. Ní 1976 ló jáde, The Bride Price lórúkọ rẹ̀, lẹ́yìn tí ìwé méjì mìíràn ti ṣáájú rẹ̀ jáde. Ọmọ náà kò jókòó bọ̀rọ̀.

Ẹ̀yin tí ẹ kọ lẹ́tà yẹn, ẹ jọ̀ọ́, ẹ bá mi wò ó. Bí ọ̀rọ̀ ìdí ààrò bá kéré, kí ló dé tí ẹnì kan fi rò pé àfi kóun dáná sun ún?

Ọmọ ọdún 22 ló wà nígbà tó fi ọkọ náà sílẹ̀. Ó ṣiṣẹ́ ní ilé ìkàwé British Museum láti 1965 títí di 1969. Ó tún lọ yunifásítì, ó gboyè nínú ẹ̀kọ́ nípa àwùjọ ní 1972. Ìdájí ló ń kọ̀wé, kí àwọn ọmọ tó jí. Inú ilé tí ìjọba ń yá àwọn tí kò rí jájẹ ló ń gbé, àwọn obìnrin aládùúgbò ibẹ̀, funfun àti dúdú, ló sì kọ̀wé nípa wọn. Ó ń fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn ìwé ìròyìn, wọ́n ń dá a padà léraléra, àfi ìgbà tí New Statesman gbà á. Ìyẹn ló di ìwé rẹ̀ àkọ́kọ́, In the Ditch, ní 1972. Ẹ ṣàkíyèsí, Olóòtú, pé olóòtú kan bíi tiyín ló ṣílẹ̀kùn.

Mo fẹ́ràn ọ̀rọ̀ tó kọ síwájú Second-Class Citizen ju ọ̀pọ̀ nǹkan lọ. Ó ya ìwé náà sọ́tọ̀ fún àwọn ọmọ rẹ̀ márààrún, ó ní bí kì í bá ṣe ariwo dídùn wọn tí òun ń gbọ́ lẹ́yìn, ìwé náà kò ní ṣeé kọ. Ẹni tí kò bá tíì fi ẹsẹ̀ mi ọmọ lórí ibùsùn, kó máa fi ọwọ́ wa máṣìn, kò lè mọ bí ọ̀rọ̀ yẹn ṣe rinlẹ̀ tó.

Ogun tí ọ̀gbẹ́ni náà sì ń wá, ó wà níbẹ̀. Nínú The Joys of Motherhood, tó jáde ní 1979, obìnrin kan tó ń jẹ́ Nnu Ego wá láti Ibusa sí Èkó láti fẹ́ ọkùnrin tó ń fọṣọ fún òyìnbó ní Yaba. Ọmọ rẹ̀ àkọ́kọ́ kú. Ó sáré lọ sórí afárá Carter láti bẹ́ sómi, wọ́n dá a dúró. Lẹ́yìn náà ni wọ́n fi tipátipá kó ọkọ rẹ̀ lọ sí ogun Hitler. A kò tẹ̀ lé ọkọ lọ sójú ogun. Inú yàrá ni a jókòó sí pẹ̀lú ìyá tó ń ta sìgá àti ìṣáná, tó ń ta igi ìdáná, tó ń ronú ohun tí àwọn ọmọ máa jẹ lálẹ́. Ibẹ̀ ni ogun ti ń jà á. Ní ìkẹyìn, obìnrin tí gbogbo ayé ń pè ní ọlọ́mọ kú sí ẹ̀bá ọ̀nà lálẹ́, láìsí ọmọ kan tó di ọwọ́ rẹ̀ mú. Wọ́n wá sìnkú ńlá fún un. Ọjọ́ tí mo ka ìyẹn tán, mo ti ṣọ́ọ̀bù láago mẹ́ta ọ̀sán, mo lọ sọ́dọ̀ ìyá mi.

Gbogbo ìwé rẹ̀ kọ́ ló wọ̀ mí lára bákan náà. Double Yoke kò mú mi tó bẹ́ẹ̀. Ṣùgbọ́n òun náà ló kọ Destination Biafra nípa ogun Biafra ní 1982, òun náà ló fún ìwé kan ní orúkọ tiwa, Kehinde, nítorí ìbejì ni obìnrin inú rẹ̀. Ọdún 2017 ló kú ní London, lẹ́ni ọdún 72.

Olóòtú, ẹ̀yin mọ̀ ju mi lọ pé inú ìwé ìròyìn bíi tiyín ni ìtàn àròsọ Yorùbá ti bẹ̀rẹ̀. Láàárín 1929 sí 1930, lẹ́tà tí obìnrin kan tó ń jẹ́ Sẹ̀gilọlá ń kọ sí olóòtú Akéde Èkó ni gbogbo Èkó ń dúró dè. Ọ̀pọ̀ gbà pé obìnrin náà wà láyé. I. B. Thomas, olóòtú fúnra rẹ̀, ló ń kọ ọ́. Ó kọ ọ́ dáadáa, n kò bá a jà. Ṣùgbọ́n láti ìgbà yẹn ni a ti mọ̀ pé ìtàn obìnrin ń ta ìwé ìròyìn. Ọwọ́ ta ló ń kọ ọ́ ló kù.

Nítorí náà, ẹ̀bẹ̀ tí mo ń bẹ̀ yín rèé: ẹ fún wa ní ojú ewé kan lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí àwọn obìnrin máa fi ọwọ́ ara wọn kọ ìtàn wọn síbẹ̀ ní Yorùbá. Alátẹ, aránṣọ, nọ́ọ̀sì, ẹni tó bá ṣáà lè kọ. Kí ẹ má wo ti pé ọ̀rọ̀ ọbẹ̀ ló fi bẹ̀rẹ̀.

Mo fi ojú ewé mẹ́rin sínú àpò lẹ́tà yìí. Ọmọ iṣẹ́ mi tó dìde lẹ́nu máṣìn lọ́jọ́ yẹn ló kọ ọ́. Ó ti gba fíríìdọ̀mù báyìí, ó ti ní ṣọ́ọ̀bù tirẹ̀. Bí ẹ kò bá lè lò ó, ẹ má ṣe ìyọnu láti dá a padà. A ti ṣe àdàkọ rẹ̀ méjì. Ọ̀kan wà lọ́wọ́ rẹ̀, ọ̀kan wà lọ́wọ́ mi.

Èmi ni tiyín,
Ìyá aránṣọ kan,
Ṣómólú, Èkó