Ìlù tí kò ní ẹnu

Ìyá Ìbejì, ọ̀rẹ́ mi àtàtà,

O kú ọjọ́ mẹ́ta. Mo mọ̀ pé òtútù ibẹ̀ ò jẹ́ kí ẹ rímú mí, ẹ kú ìfaradà. Àwa náà wà, àfi ooru.

Ìbéèrè tí Kẹ́hìndé ní kí o bi mí ò kúrò lọ́kàn mi: báwo ni dùndún ṣe ń sọ̀rọ̀ nígbà tí kò ní ẹnu? Ọmọ yẹn gbọ́n! Sọ fún un pé ohun tí ọ̀fun ń ṣe náà ni ìlù ń ṣe. Iṣan tín-ínrín méjì wà nínú ọ̀fun wa tí èémí ń gbọ̀n. Bí a bá fà wọ́n le, wọ́n á yára gbọ̀n, ohùn á sì lọ sókè. Onílù náà á fi apá fún ọṣán mọ́ra, awọ á le, ohùn á lọ sí mí. Ó dẹ̀ ẹ́, ohùn á wálẹ̀ sí dò. Àwọn onímọ̀ físíìsì máa ń ka iye ìgbà tí nǹkan ń gbọ̀n ní ìṣẹ́jú àáyá kan. Èyí tí àwọn olórin fi ń tún ohun èlò wọn ṣe jẹ́ 440. Bó bá di 880, ohùn kan náà ni etí máa gbọ́, àmọ́ lókè. Kí awọ tó lè gbọ̀n ní ìlọ́po méjì bẹ́ẹ̀, a ní láti fà á le ní ìlọ́po mẹ́rin. Háà, apá àwọn ọmọ Àyàn tó nǹkan!

Ibi tó dùn jù rèé. Ìlù kì í pe kọ́ńsónáǹtì, kì í pe fáwẹ́lì. “Ilé”, “ọtí”, “igbá”: re-mí ni gbogbo wọn lójú ìlù. Ta ló máa wá mọ èyí tó ń wí? Ìdí nìyẹn tí onílù kì í fi í dá ẹyọ ọ̀rọ̀ kan sọ. Oríkì, òwe, gbólóhùn gígùn tí ará ilé ti mọ̀ ló ń lù, etí wa á sì wá ọ̀rọ̀ sí ohùn náà. Lọ́dún 2021, Cecilia Durojaye àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ tẹ ìwádìí kan jáde láti ilé-ẹ̀kọ́ ìwádìí Max Planck ní Frankfurt, Jámánì. Wọ́n lu dùndún sétí àwọn tó mọ̀ ọ́n àti àwọn tí kò mọ̀ ọ́n, kí wọ́n sọ ìgbà tó ń sọ̀rọ̀ àti ìgbà tó ń kọrin. Ohùn ìlù fúnra rẹ̀ yàtọ̀ ní ìgbà méjèèjì, ṣùgbọ́n mímọ ìlù náà tún wà lára ohun tó ń darí ìdáhùn. Lójú tèmi, ìdajì ọ̀rọ̀ ìlù wà létí ẹni tó ń gbọ́.

Ìdí nìyí tó fi ń dùn mí bí a bá gbé ọ̀rọ̀ Yorùbá lé orin òyìnbó ní ṣọ́ọ̀ṣì, tí orin ń gòkè níbi tí ọ̀rọ̀ ti ń sọ̀ kalẹ̀. Ẹkúndayọ̀ Phillips, tó tẹ dùùrù ní Cathedral Church of Christ, Marina, l’Ékòó, láti 1914 dé 1962, kọ ọ́ sínú ìwé lọ́dún 1953 pé orin wa ní láti tẹ̀lé ohùn ọ̀rọ̀ wa. Òótọ́ ló sọ, ó sì yẹ kí àwọn akọrin wa ṣì máa kà á.

Ní kí àwọn ìbejì pa ẹnu dé, kí wọ́n fi imú kùn “Ẹ káàárọ̀, ṣé dáadáa lẹ jí?” sí bàbá wọn létí. Lẹ́yìn náà, kí wọ́n kùn ún fún ọ̀rẹ́ wọn kan ní iléèwé tí kò gbọ́ Yorùbá. Kọ ohun tí oníkálukú bá ní òun gbọ́ ránṣẹ́ sí mi.

Èmi ni ọ̀rẹ́ rẹ,
láti Ìbàdàn