Ta la fẹ́ fi owó orí mú?

Olóòtú, ẹ kú iṣẹ́ o.

Láti ìgbà tí òfin NHIA (àjọ adójútòfò ìlera ìjọba àpapọ̀ wa) ọdún 2022 ti sọ adójútòfò ìlera di dandan ni àwọn kan ti ń sọ pé kí ìjọba fi owó orí mú ẹni tí kò bá ní in, bí Amẹ́ríkà ti ṣe. Òótọ́ ni, Amẹ́ríkà ṣe é. Ẹ jẹ́ ká wo bí wọ́n ṣe ṣe é.

Láti 2014 títí di 2018, ẹni tó bá ń kún fọ́ọ̀mù owó orí ìjọba àpapọ̀ wọn gbọ́dọ̀ sọ níbẹ̀ bóyá òun àti ará ilé òun ní adójútòfò fún oṣù méjèèjìlá. Bí kò bá ní in, yóò ro owó ìtanràn mọ́ owó orí rẹ̀. Ní 2016, dọ́là 695 ni fún àgbàlagbà, ìdajì rẹ̀ fún ọmọdé. Tàbí kí wọ́n ṣírò ìdá 2.5 nínú ọgọ́rùn-ún lórí owó tó wọlé kọjá iye tó ń sọ fọ́ọ̀mù kíkún di dandan. Èyí tó bá pọ̀ jù ni wọ́n ń gbà. Àlàfo tí kò bá pé oṣù mẹ́ta, wọ́n gbójú fò ó.

Àmọ́ òfin Amẹ́ríkà tó dá ìtanràn yìí sílẹ̀ náà ló ní kí IRS, iléeṣẹ́ owó orí ìjọba àpapọ̀ wọn, má gbẹ́sẹ̀ lé ilé tàbí owó báńkì ẹnikẹ́ni tìtorí rẹ̀, kí wọ́n má sì fi sẹ́wọ̀n. Inú owó orí àsanlé tí wọ́n fẹ́ dá padà féèyàn ni wọ́n ti lè yọ ọ́. Ọ̀pọ̀ òṣìṣẹ́ níbẹ̀ ló ń retí irú owó bẹ́ẹ̀ lọ́dọọdún, ìyẹn ló jẹ́ kí ó dùn wọ́n. Ẹni tí kò retí nǹkan kan, lẹ́tà ni wọ́n ń kọ sí i. Kódà, kó tó kan fọ́ọ̀mù ọdún 2017, IRS ṣì ń gba fọ́ọ̀mù ẹni tí kò dáhùn ìbéèrè náà rárá! Láti 2019 ni ìtanràn ìjọba àpapọ̀ ti di òdo. Àwọn ìpínlẹ̀ bíi Massachusetts, New Jersey àti California ló ń gba tiwọn.

Nílẹ̀ wa ńkọ́? Agbanisíṣẹ́ ló ń yọ PAYE, ìyẹn owó orí inú owó oṣù, lóṣooṣù. Òṣìṣẹ́ kì í sábà kún fọ́ọ̀mù kankan, kò sì retí kọ́bọ̀ padà. Inú kí la ó ti yọ ìtanràn? Ti mẹkáníìkì àti ìyá aláta tilẹ̀ tún yàtọ̀: tíkẹ́ẹ̀tì ni wọ́n ń já fún wọn, òfin owó orí tuntun ti 2026 kò sì gba owó orí lórí ₦800,000 àkọ́kọ́ lọ́dún.

Àwọn agbanisíṣẹ́ ni kí ìjọba dojú kọ. Kí ọjọ́ 31 oṣù kìn-ín-ní tó kọjá lọ́dọọdún, wọ́n gbọ́dọ̀ kó àkọsílẹ̀ owó oṣù àti owó orí òṣìṣẹ́ kọ̀ọ̀kan fún iléeṣẹ́ owó orí ìpínlẹ̀. Kí ìjọba fi àyè nọ́ńbà adójútòfò kún un, kí wọ́n sì yẹ nọ́ńbà náà wò lọ́dọ̀ NHIA tàbí àjọ ìpínlẹ̀, àìjẹ́ bẹ́ẹ̀ àwọn kan á kọ nọ́ńbà kan ṣoṣo fún ogún èèyàn. Bí àyè yẹn bá ṣófo, ọ̀gá ni kó san ìtanràn, kì í ṣe òṣìṣẹ́.

Òǹkàwé yín,
Ìbàdàn