Ẹ Rán Nọ́ọ̀sì sí Ọgbà Ẹ̀wọ̀n

Olóòtú wa ọ̀wọ́n,

Nọ́ọ̀sì tó ń tọ́jú àìsàn ọpọlọ ni mí. Nínú ọgbà ẹ̀wọ̀n kan, mo bá ọ̀dọ́mọkùnrin kan tó kọjú sí ògiri, tí oògùn àárọ̀ rẹ̀ ti yọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, nítorí pé kò sẹ́ni tó dúró tì í títí tó fi gbé e mì. Dídúró tì wọ́n yẹn gan-an ni iṣẹ́ wa. Lóòótọ́, òfin ìlera ọpọlọ tí Ààrẹ Buhari buwọ́ lù ní 2023 ti rọ́pò ti 1958 tó ń pe aláìsàn ní wèrè, ṣùgbọ́n òfin nìkan kò lè fún ẹnikẹ́ni lóògùn. Mo bẹ ìjọba kí wọ́n gba irú wa sí ọgbà ẹ̀wọ̀n kọ̀ọ̀kan, pàápàá nítorí àwọn tó ṣì ń retí ìdájọ́.

Nọ́ọ̀sì kan, Abẹ́òkúta