Owó Tí A Fi Bírò Pupa Kọ: Sí Ẹ̀yin Ọmọ Wa Tó Dá Ọ́fíìsì Sílẹ̀ ní Àbújá

Ẹ̀yin ọmọ wa, ẹ̀yin akítẹ́ẹ̀tì àti ẹnjiníà tí ẹ lẹ orúkọ mọ́ ẹnu ọ̀nà ní Wuse, ní Utako, ní Gwarinpa, mo kí yín o. Ẹ kú iṣẹ́, ẹ kú ooru. Kíkí ò ní pẹ́, torí ọ̀rọ̀ kan ò jẹ́ kí n sùn dáadáa láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun.

Ọmọkùnrin kan wà láàrin yín. Mi ò ní dárúkọ rẹ̀. Ọmọ náà mọ iṣẹ́. Bó bá ya ilé sórí kọ̀ǹpútà, wàá fẹ́ bọ́ bàtà sẹ́nu ọ̀nà kó o tó wọlé. Oníbàárà kan gbé ilé alájà mẹ́rin fún un, ó sì kó owó gbogbo ẹni tó máa ṣiṣẹ́ lé e lọ́wọ́: tirẹ̀, ti ẹnjiníà tó máa ṣírò òpó àti irin, ti oníná, ti QS tó ń ṣírò iye tí ilé máa ná ni, títí dórí owó àwọn tó máa yẹ ilẹ̀ wò. Kí oṣù méjì tó pé, ọ́fíìsì ti kúrò ní Kubwa, ó ti dé Wuse 2. Gíláàsì látilẹ̀ dókè. Ẹ̀rọ tó ń po kọfí. Jíìpù ń dán yanran níta. Nígbà tí ẹnjiníà béèrè owó rẹ̀, kò sí. Ẹnjiníà kò lu òǹtẹ̀ sí àwòrán. Láìsí òǹtẹ̀, ta ló fẹ́ gbé e dé Development Control, ọ́fíìsì ìjọba tó ń fọwọ́ sí àwòrán ilé ní Àbújá? Oníbàárà dúró títí, ó sú u, ló bá gbé ọlọ́pàá wá.

Èmi ni mo lọ gba béèlì rẹ̀. Orí bẹ́ǹṣì ló jókòó sí, wọ́n ti bọ́ bẹ́líìtì ìdí rẹ̀, ó ń fi ọwọ́ kan di ṣòkòtò mú. Ó ní, "Bàbá, mi ò jalè o. Mo rò pé iṣẹ́ kejì á wọlé ni."

Iṣẹ́ kejì á wọlé! Gbólóhùn yẹn ló ń bà mí lẹ́rù, torí mo ń gbọ́ ọ lẹ́nu púpọ̀ nínú yín.

Ní 1982, Kàdúná ni mo wà, lábẹ́ ọ̀gá kan, ará Ìjẹ̀bú tí kì í rẹ́rìn-ín. Peugeot 504 àtijọ́ ló ń wà. Ó ní ìwé owó kan, ó sì ní bírò méjì. Owó iṣẹ́ tí a ti ṣe tán, bírò dúdú ló fi ń kọ ọ́. Owó àsansílẹ̀, owó tí ẹlòmíràn kò tíì wá gbà, owó tó jẹ́ ti ìjọba, bírò pupa. Bí mo bá ní, "Ọ̀gá, owó wà ní báǹkì," á bi mí pé, "Dúdú mélòó, pupa mélòó?" A máa ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ bó bá ti yí ẹ̀yìn padà. Àfi bí àwọn ológun ṣe gbàjọba ní ọjọ́ 31 oṣù Kejìlá 1983, tí iṣẹ́ ìjọba tó wà lọ́wọ́ wa dúró gbagidi. Ọ́fíìsì ń tì ní àdúgbò wa lọ́kọ̀ọ̀kan. Oṣù méje ni ọ̀gá mi fi san owó oṣù wa láì rí kọ́bọ̀ gbà. Inú owó bírò dúdú ló ti ń san án.

Ṣé mo wá gbọ́n? Rárá o. Nígbà tí olú-ìlú kó dé Àbújá ní oṣù Kejìlá 1991, iṣẹ́ ń rọ̀ bí òjò, èmi náà ti dá dúró. Mo jẹ owó bírò pupa. Mo fi owó sáìtì kan parí sáìtì mìíràn, mo fi ti ìkẹta san owó ilé. Aṣọ òkè ìyàwó mi la tà kí n tó rí owó san fún ọmọ tó ń bá mi yàwòrán. Ìyàwó mi ṣì máa ń dárúkọ aṣọ náà bí a bá ń lọ òde ìgbéyàwó.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má sọ fún mi pé ayé ti yàtọ̀! Alájọ tó ń ná owó àjọ, kí là ń pè é? Nígbà tí wọ́n ṣe òfin 2007 lórí iṣẹ́ tí ìjọba ń gbé fún kọngílá, wọ́n ní owó àsansílẹ̀ kò gbọdọ̀ ju ìdá 15 nínú 100 lọ, wọ́n sì ní kí báǹkì tàbí ilé-iṣẹ́ ìbánigbófò dúró fún un. Kí ni wọ́n ń dúró fún, bó bá jẹ́ tiyín? VAT náà ńkọ́, owó orí tí ẹ ń bá ìjọba gbà lọ́wọ́ oníbàárà, ìdá 7.5 nínú 100 láti 2020? Ẹ ń gbà á, ẹ ń fi ra epo jẹnẹrétọ̀. Ní oṣù Kẹfà 2023 tí wọ́n tú okùn ọrùn náírà, tí iye rẹ̀ sì já wálẹ̀, ẹni tó ti fi owó àsansílẹ̀ ra irin sílẹ̀ rí oorun sùn. Ẹni tó ti jẹ ẹ́ ń sá fún fóònù.

Ẹ kọ ọ́ sínú àdéhùn pé kí oníbàárà máa san owó ẹnjiníà fún ẹnjiníà fúnra rẹ̀. Kò dín iyì yín kù. Ẹ pín owó tiyín sí ìpele: àwòrán àkọ́kọ́, àwòrán iṣẹ́, àbójútó sáìtì; ìpele tí wọn ò bá san, ẹ má kọjá rẹ̀. Ọ́fíìsì Kubwa kì í ṣe ẹ̀gàn. Ti òǹtẹ̀ tí àwọn kan ń yá fún ẹni tí kò kàwé, ọjọ́ mìíràn la ó sọ ìyẹn, kí ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ mi má baà ga sí i.

Ìwé ọ̀gá mi wà nílé mi títí di òní, eku ti jẹ etí rẹ̀. Ọmọ tí mo gba béèlì rẹ̀ ti wá wò ó lẹ́ẹ̀mejì. Ẹni tó bá fẹ́ rí i nínú ẹ̀yin yòókù, kó wá ní ọ̀sán Sátidé. Ẹ má kó àwòrán wá. Ìwé owó yín ni kí ẹ mú dání, àti bírò méjì.