Ẹ jẹ́ kí oníbàárà gbọ́ rédíò kí ó tó san owó rẹ̀

Sí Olóòtú,

Mo kí yín, mo sì kí gbogbo àwọn tí ẹ jọ ń ṣe iṣẹ́ ìwé ìròyìn yìí. Ohun tí ó mú mi kọ lẹ́tà yìí ni ìmọ̀ràn kan tí òǹkàwé yín kan gbà wá láìpẹ́ yìí, níbi tí ó ti ní ẹni tí ó bá fẹ́ ra rédíò kékeré tí yóò máa wà lórí tábìlì nínú ilé kò ní ohun púpọ̀ láti rò, pé kí ó sáà wo èyí tí ó bá rẹwà, tí ó ní Bluetooth àti ojú ihò tí a ń ki mẹ́mọ́rì káàdì sí, tí owó rẹ̀ kò sì ga jù. Ó ṣeé ṣe kí ìmọ̀ràn yìí tó fún ẹni tí ń gbé ní Ìkẹjà, tí òpó àwọn ilé iṣẹ́ rédíò fẹ́rẹ̀ẹ́ wà ní ẹ̀yìnkùlé rẹ̀. Fún àwa tí à ń gbé ní Àgbádárìgì, kò tó rárá, mo sì fẹ́ kí ẹ fún mi láàyè kí n sọ ìdí rẹ̀.

Ilé iṣẹ́ Rédíò Lagos, tí ó ń fi èdè Yorùbá ṣe ọ̀pọ̀lọpọ̀ ètò rẹ̀ lórí 107.5, wà ní Agídíngbí ní Ìkẹjà. Ohùn FM kì í rìn jìnnà bí ti AM. Ọ̀nà tààrà ni ó máa ń gbà láti orí òpó lọ sí ọ̀dọ̀ ẹni tí ń gbọ́ ọ, bí ó bá sì ti ń jìnnà sí òpó náà ni agbára rẹ̀ ń dín kù. Kí ó tó dé Àjárá tàbí etí ọ̀sà lọ́dọ̀ wa, ó ti rẹ̀ ẹ́. Bẹ́ẹ̀ ni Àjàṣẹ́ (Porto-Novo) sún mọ́ wa ju Ìkẹjà lọ, Kútọnu náà kò sì jìnnà lẹ́yìn ibodè Sẹ̀mẹ̀, nítorí náà àwọn ilé iṣẹ́ rédíò tí ó wà ní Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ ń wọlé sí àdúgbò wa ketekete. Ènìyàn lè yí rédíò láti ìbẹ̀rẹ̀ dé òpin kí ó jẹ́ pé Faransé àti Ògù (Ègùn) ni yóò gbọ́ ju Yorùbá lọ. N kò fi èyí fi ẹnikẹ́ni sùn o. Ògù ni èdè ilé ọ̀pọ̀lọpọ̀ wa níhìn-ín, inú mi sì máa ń dùn láti gbọ́ ọ. Ohun tí mò ń sọ ni pé ẹni tí ó bá ra rédíò nítorí kí ó lè máa gbọ́ ìròyìn àti ìkéde láti Èkó gbọ́dọ̀ mọ irú ibi tí yóò ti lò ó.

Iṣẹ́ méjì ni irú ibi bẹ́ẹ̀ ń béèrè lọ́wọ́ rédíò. Àkọ́kọ́ ni kí ó lè gbá ohùn tí kò lágbára mú. Èkejì, tí àwọn òǹtajà kì í sọ rárá, ni kí ó lè ya ohùn tí kò lágbára yìí sọ́tọ̀ kúrò lára èyí tí ó lágbára tí ó wà ní ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Rédíò tí kò ní agbára ìyàsọ́tọ̀ yìí máa ń jẹ́ kí ìkànnì kan tí ó lágbára tàn kálẹ̀ bo àwọn tí ó yí i ká. Ẹ óò gbọ́ ẹni tí ń ka ìròyìn Yorùbá, ẹ óò sì máa gbọ́ orin Faransé lábẹ́ ohùn rẹ̀, nígbà mìíràn ẹ ó tilẹ̀ gbọ́ ìkànnì kan náà ní ojú ibi mẹ́ta tàbí mẹ́rin tí kò yẹ kí ó wà. Kò sí bí a ṣe lè rí èyí lójú. Àwọ̀ rédíò kò lè sọ ọ́, páálí tí wọ́n fi wé e kò sì ní kọ ọ́ sára. Àfi kí a tan rédíò náà kí a sì gbọ́ ọ.

Nígbà tí ẹ bá wà ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ fa áńtẹ́nà rẹ̀ jáde tán. Èyí tí ó bá gùn tó nǹkan bí sẹ̀ǹtímítà 75 ni ó dára jù fún FM, nítorí pé ìdá kan nínú mẹ́rin gígùn ìgbì rẹ̀ ni èyí fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́. Èyí tí kò gùn ju ìka ọwọ́ lọ kò lè ṣe púpọ̀ fún ẹni tí ó jìnnà sí òpó. Lẹ́yìn náà, ẹ má ṣe wá ìkànnì tí ó lágbára. Ọ̀pọ̀ òǹtajà ni yóò sáré tẹ ìkànnì tí ó ń dún jù fún yín, kí ẹ lè gbọ́ bí ó ti ń lù. Rédíò LASU, ti Yunifásítì Ìpínlẹ̀ Èkó, tí ó wà lórí 95.7 ní ìlú Ọ̀jọ́ sún mọ́ wa ju ti Agídíngbí lọ, a sì máa ń tètè rí i, nítorí náà kò lè jẹ́ ìdánwò fún rédíò kankan. Ìkànnì tí ó máa ń ṣòro fún yín ní ilé gan-an ni kí ẹ wá. Bí ó bá jẹ́ pé 107.5 ni, ẹ fi ara balẹ̀ wò ó dáadáa, torí pé òpin FM ni ó wà, ní ìtòsí 108, bẹ́ẹ̀ ọ̀pọ̀ rédíò olówó pọ́ọ́kú tí a ń fi ọwọ́ yí ni ọ̀pá pupa ojú rẹ̀ kì í dé ibi tí a kọ 108 sí ní tòótọ́. Nọ́ńbà yóò wà lójú rẹ̀, ohùn kò ní sí níbẹ̀.

Ọ̀rọ̀ èyí tí a ń fi ọwọ́ yí àti èyí tí ń fi nọ́ńbà hàn lójú dígí ń fa àríyànjiyàn láàárín àwọn ènìyàn. Èyí tí ń fi nọ́ńbà hàn kì í yẹ̀ kúrò níbi tí a gbé e sí, ó sì lè fi ìkànnì pamọ́ kí a lè padà sí i nípa títẹ bọ́tìnì kan. Èmi fúnra mi fẹ́ràn rẹ̀. Ṣùgbọ́n kí ẹni tí ó bá fẹ́ rà á fún bàbá tàbí ìyá tí ọjọ́ ti lọ lórí wọn ronú kí ó tó san owó. Bọ́tìnì rẹ̀ lè kéré bí hóró ìrẹsì, ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì ni ó sì wà lára gbogbo wọn. Bí àgbàlagbà bá ṣèèṣì tẹ èyí tí ó gbé rédíò kúrò lórí FM bọ́ sórí Bluetooth, rédíò náà yóò dákẹ́, yóò sì wà bẹ́ẹ̀ títí ọmọ-ọmọ yóò fi ti ilé ìwé dé. Bọ́tìnì ńlá méjì, ọ̀kan fún ohùn, ọ̀kan fún yíyí ìkànnì, ni ó tọ́ sí irú wọn. Ní báyìí, a ti ń rí èyí tí a ń fi ọwọ́ yí ṣùgbọ́n tí inú rẹ̀ jẹ́ ti ìgbàlódé, tí ó ń di ìkànnì mú dáadáa, mo sì gbà pé irú rẹ̀ ni ó yẹ àgbàlagbà jù. Ẹ tún béèrè bóyá èyí tí ń fi ìkànnì pamọ́ máa ń gbàgbé wọn tí NẸ́PÀ bá mú iná lọ. Àwọn kan máa ń gbàgbé, ó sì máa ń bí ènìyàn nínú.

Nígbà tí ìjọba amúnisìn bẹ̀rẹ̀ sí í fi wáyà gbé ohùn wọ inú ilé àwọn ènìyàn ní Èkó ní ọdún 1935, àpótí tí ó ń sọ̀rọ̀ lórí ògiri kò ní ju ìkànnì kan lọ, ẹni tí ó ni ín kò sì ní ohun tí yóò yàn ju pé kí ó tàn án tàbí kí ó pa á. Ìyàsọ́tọ̀ tí mò ń sọ yìí kì í ṣe ìṣòro wọn nígbà náà.

Ẹ jẹ́ kí n wá sórí rédíò tòkunbọ̀, nítorí pé ibẹ̀ ni owó ti ń bọ́ sómi jù. Mo mọ̀ pé tòkunbọ̀ lè lágbára ju tuntun lọ, pàápàá èyí tí a fi pákó ṣe àpótí rẹ̀, tí sìpíkà rẹ̀ sì tóbi. Ṣùgbọ́n ẹ yí i padà kí ẹ ka ohun tí a kọ sí ẹ̀yìn rẹ̀. Agbára iná tiwa jẹ́ fóltì (volt) 230 sí 240. Rédíò tí wọ́n ṣe fún Amẹ́ríkà ń lo fóltì 120, ti Japan ń lo 100. Bí a bá fi rédíò bẹ́ẹ̀ sí iná wa láìsí ẹ̀rọ tí ń dín iná kù, èéfín ni yóò kọ́kọ́ gbé jáde. Ti Japan tún ní ìṣòro kejì: ọ̀pọ̀ nínú àwọn tí wọ́n ṣe fún lílò níbẹ̀ ní ìgbà àtijọ́ máa ń bẹ̀rẹ̀ FM láti 76, wọ́n sì máa ń parí rẹ̀ sí 90. Ẹni tí ó bá gbé irú rẹ̀ wálé lè gbọ́ Èkó FM lórí 89.75, ṣùgbọ́n Bond FM lórí 92.9, Faaji FM lórí 106.5 àti Rédíò Lagos lórí 107.5 ti kọjá ibi tí ọwọ́ rẹ̀ lè dé. Àwọn tí ó ń ti Ìlú Ọba wá, wọ́n máa ń kọ DAB, ìyẹn rédíò onídíjítà, sí wọn lára gàdàgbà, òǹtajà yóò sì fi èyí gbé owó lé e. Ẹ má ṣe san owó kankan lórí DAB, nítorí FM ni a ó fi rédíò náà gbọ́ níhìn-ín. Bí rédíò Amẹ́ríkà bá sì ní AM tí ń fi nọ́ńbà hàn, nọ́ńbà rẹ̀ máa ń fo mẹ́wàá mẹ́wàá, bẹ́ẹ̀ mẹ́sàn-án mẹ́sàn-án ni tiwa. Ẹni tí ó bá fẹ́ gbọ́ ìkànnì ẹ̀sìn tí ń ti Orílẹ̀-èdè Bẹ̀nẹ̀ wá lórí 1566 kò ní lè gbé rédíò náà sórí nọ́ńbà yẹn gan-an, àfi bí rédíò náà bá ní ibi tí a ti lè yí i sí mẹ́sàn-án.

Ní ti shortwave, ìyẹn ìgbì kúkúrú tí ń gbé ohùn rédíò lọ sí ọ̀nà jíjìn, àfi ẹni tí ó bá ń tẹ́tí sí ilẹ̀ òkèèrè tàbí Voice of Nigeria, rédíò tí orílẹ̀-èdè wa fi ń bá ilẹ̀ òkèèrè sọ̀rọ̀, ni kí ó fi owó kún owó nítorí rẹ̀.

Bátìrì ṣe pàtàkì ju bí àwọn ènìyàn ti rò lọ. Ẹ wo inú rẹ̀. Rédíò tí ó ń lo bátìrì ńlá mẹ́rin tí a ń rà ní ìsọ̀ èyíkéyìí, tí ó sì tún ń lo iná, yóò pẹ́ lọ́wọ́ yín. Èyí tí ó ní bátìrì pẹlẹbẹ tí a ń ṣáàjì dára náà, bí a bá lè ṣí ẹ̀yìn rẹ̀ kí a sì pààrọ̀ bátìrì náà nígbà tí ó bá kú. Èyí tí wọ́n fi bátìrì rẹ̀ pamọ́ sínú tí a kò lè fọwọ́ kàn án, ọjọ́ tí bátìrì yẹn bá kú ni rédíò náà kú.

Ohùn rédíò náà ńkọ́? Ọ̀rọ̀ sísọ ni kí ẹ fi dán an wò, kì í ṣe orin. Ẹ gbọ́ ẹni tí ń ka ìròyìn, kí ẹ sì rí i bóyá àmì ohùn hàn kedere, nítorí pé àmì ohùn ni a fi ń mọ ìtumọ̀ ọ̀pọ̀ ọ̀rọ̀ Yorùbá. Ẹ gbé ohùn rẹ̀ sókè dé òpin fún ìṣẹ́jú kan. Àwọn àgbà ní ìlù tí ó bá dún jù, yíya ní í ya, púpọ̀ nínú àwọn rédíò kékeré wọ̀nyí ni ó sì máa ń gbọ̀n tìtì lórí tábìlì tí a bá ti gbé ohùn wọn kọjá ìdajì.

Bí ẹ bá ti gbé e délé tí kò gbọ́ bí ó ti gbọ́ ní ṣọ́ọ̀bù, ẹ má tíì bínú sí òǹtajà. Ẹ kọ́kọ́ yọ ṣájà fóònù kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀, ẹ pa àwọn gílóòbù LED olówó pọ́ọ́kú, kí ẹ sì gbé e súnmọ́ fèrèsé tí ó kọjú sí ìlà-oòrùn, níbi tí Èkó wà sí wa. Fún AM, áńtẹ́nà rẹ̀ wà nínú àpótí, nítorí náà rédíò náà fúnra rẹ̀ ni kí ẹ yí padà díẹ̀díẹ̀ títí ohùn yóò fi mọ́.

Àwọn kan yóò ní kí ló dé tí a kò fi fóònù gbọ́ ọ. Ọ̀pọ̀ fóònù tuntun kò ní FM mọ́, àwọn tí ó ní i ń béèrè wáyà etí, èyí tí a sì ń gbọ́ lórí íntánẹ́ẹ̀tì ń jẹ dátà àti bátìrì tí a fẹ́ fi pe ènìyàn. Bákan náà, ohùn fóònù kò lè dé ọ̀dọ̀ ẹni tí ń se ọbẹ̀ nínú ilé ìdáná.

Ẹ̀bẹ̀ méjì ni mo ní. Èkíní jẹ́ sí àwọn tí ń ta rédíò ní ọjà Agbálátà àti ní Alábà: ẹ jẹ́ kí oníbàárà fi owó sílẹ̀ lọ́dọ̀ yín kí ó gbé rédíò lọ sí ilé fún alẹ́ kan, kí ó sì gbé e padà láìsí ìjà bí kò bá gba ìkànnì tí ó fẹ́. Mo mọ̀ pé àwọn kan nínú yín ń ṣe bẹ́ẹ̀ fún ẹni tí wọ́n bá mọ̀. Kí ó di ti gbogbo ènìyàn. Èkejì jẹ́ sí ẹ̀yin fúnra yín, ọ̀gá Olóòtú. Ẹ jọ̀wọ́, ẹ wá àyè kékeré kan sí ojú ìwé yín lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀, kí ẹ máa tẹ orúkọ àwọn ilé iṣẹ́ rédíò tí ń fi Yorùbá ṣe ètò, nọ́ńbà tí a lè rí wọn lé lórí, ìlú tí òpó wọn wà, àti àkókò tí wọ́n ń ka ìròyìn. Ẹni tí ó bá gé e mú lọ́wọ́ lọ sí ṣọ́ọ̀bù yóò mọ ohun tí yóò ní kí òǹtajà tẹ̀ fún òun.

Èmi ni òǹkàwé yín láti Àjárá, Àgbádárìgì.